Ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bàbá mi: bí mo bá ti jókòó lé e, ó ń kú

ỌmọAyétòrò (ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀)
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Iṣẹ́ kan há mi lọ́rùn, mi ò sì fẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀ pé ó há.

Bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ kan sílẹ̀, onítáyà 28, irú èyí tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ irin gbọọrọ láti ọwọ́ títí dé ìdí táyà. Owó ọ̀kadà láti Ayétòrò dé ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí ti wọ́n jù fún mi, ni mo bá ní kí n fi ẹ́ńjìnì sí kẹ̀kẹ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà nílé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I pass my neighbour". Ibi tó ń mú iná wá ti jó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geere. Wẹ́dà àdúgbò bá mi jó irin pẹlẹbẹ mọ́ férémù, a gbé ẹ́ńjìnì lé e. Mo fi sípírókẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń gbà yí) eléyín 10 sórí ọ̀pá ẹ́ńjìnì, mo fi eléyín 44 sídìí táyà ẹ̀yìn, mo fi rọ́bà àti bóòtì 9 dì í mọ́ àárín sípóòkù bí mo ṣe rí i nínú fídíò, mo wá so ṣéènì.

Bí mo bá gbé táyà ẹ̀yìn sókè kúrò nílẹ̀, á máa yí bí ìjì. Bí mo bá gbé e sílẹ̀ tí mo jókòó, ẹ́ńjìnì á kú fin-ín. Bí mo bá sáré tì í kí n tó fò lé e, á gbé mi dé bí òpó iná mẹ́ta, ṣéènì á bọ́. Lánàá, iwájú àwọn ọmọ iléèwé ló ti bọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́.

Ṣé ẹ́ńjìnì yìí ni kò lágbára? Àwọn kan ní kí n lọ ra kíìtì Ṣáínà, ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́, àwọn kan ní bátìrì ló dáa. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí ni mo fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀ọ̀dá_Jẹnẹ (7:40 àárọ̀)
Àbúrò, ẹ́ńjìnì yẹn kò ṣe nǹkan kan. Gọ́fánọ̀, ohun tó ń ṣọ́ eré ẹ́ńjìnì, ló so ó lọ́wọ́. Yọ gọ́fánọ̀ dànù, so wáyà tọ́rótù tààrà mọ́ kábúrétọ̀, á gbé ọ dé Ìkìrun láì mí. Iṣẹ́ tí mo ń jẹ nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe láti kékeré.

Tọ́nà_Alékùwodò (8:55 àárọ̀)
Bọ̀ọ̀dá Jẹnẹ, mo kí yín o, ẹ̀gbọ́n ni yín nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí yọ gọ́fánọ̀. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe pé kó máa yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná lè jẹ́ 50 Hz, tí ẹ bá tú u sílẹ̀ pé kó máa yí bó ṣe wù ú, ọ̀pá písítìn rẹ̀ lè jáde wá kí yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe agbára ló ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Eyín 44, ẹ pín in sí 10, ó jẹ́ 4.4. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnì ní láti yí ìgbà 4.4 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ìgbà 3,000, táyà ń yí bí ìgbà 682. Táyà 28 bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rin nǹkan bíi mítà 2.2. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn kìlómítà 90 ní wákàtí kan! Ẹ́ńjìnì tí kò ju cc 63 lọ lẹ ní kó gbé àgbàlagbà lọ ní 90 láti ìdúró. Ẹni tó fi gíà kẹrin gbéra lórí òkè ni àbúrò wa. Kò sí mọ́tò tí kò ní kú.

Kìlómítà 30 ní wákàtí kan tó fún kẹ̀kẹ́. Fún ìyẹn, táyà ní láti yí bí ìgbà 227 ní ìṣẹ́jú kan, ìdínkù eré tí ẹ nílò sì jẹ́ nǹkan bíi 13. Ṣéènì kan ṣoṣo kò lè ṣe 13. Bí ti iwájú bá jẹ́ eyín 10, ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ 130, ìyẹn á tóbi ju ọpọ́n ayò lọ, kò ní rí àyè jókòó. Ọ̀pá àárín lẹ máa lò: ẹ fi bẹ́ríìn méjì gbé e, kí ṣéènì kan ti ara ẹ́ńjìnì wá sórí rẹ̀, 10 sí 36, kí ṣéènì kejì ti ara rẹ̀ lọ sí táyà, 10 sí 36. 3.6 lọ́nà 3.6 jẹ́ 12.96. Ó parí.

Ohun kan tún wà. Orí ọ̀pá ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ tèmi kò gún régé, ṣe ló ń tín-ín-rín lọ síwájú. Tí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi òòlù gbá sípírókẹ́ẹ̀tì wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì, kó gbẹ́ bọ́ọ̀ṣì tó bá a mu. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Machine Tools níhìn-ín ní Òṣogbo rí, a máa ní "ohun tí o bá fi òòlù wọ̀, òòlù náà ni yóò bọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣéènì rẹ ṣe ń bọ́.

ỌmọAyétòrò (9:10 àárọ̀)
Ọ̀gá Tọ́nà, ẹ ṣeun gan-an. Òòlù ni mo fi wọ̀ ọ́ lóòótọ́ o 😩

Ìyá_Ìbejì_Òkìnní (9:31 àárọ̀)
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń sọ̀rọ̀ eré, kò tíì sí ẹni tó béèrè bó ṣe máa dúró. Bíréèkì onírin gbọọrọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Bàbá mi àgbà ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́lẹ̀ láti dúró nígbà òjò. Ríìmù irin ni, omi bá ti kàn án, rọ́bà bíréèkì ń yọ̀ bí ẹni tẹ ọṣẹ. Ẹ wo òkè tó sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Fìà! Ọmọ mi, kí o tó gbé ẹ́ńjìnì sí nǹkan, mọ bí wàá ṣe dá a dúró.

Kíìtì_Dé (11:02 àárọ̀)
Ìyá Ìbejì sọ òtítọ́. Mo fẹ́ fi èyí tí ojú mi rí kún un, torí mo ti lo kíìtì Ṣáínà fún bí ọdún méjì kí n tó tà á.

Wọ́n á kọ 80cc sára páálí. Irọ́ ni. Ẹ wọn inú sílíńdà, mílímítà 47 ni. Písítìn ń rìn mílímítà 38 sókè-sódò. Ẹ ṣírò rẹ̀, kò ju cc 66 lọ. Kò burú, ó ń gbéni, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó 80. Ohun tó mú kí kíìtì náà ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ti dín eré kù nínú ẹ́ńjìnì gan-an, 4.1, kó tó dé sípírókẹ́ẹ̀tì 10 sí 44. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Ó tún ní kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń já ẹ́ńjìnì kúrò lára táyà, tí ẹ ń fi ọwọ́ òsì fà. Jẹnẹrétọ̀ kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá. Ṣé ẹ ti rò ó bí ẹ ṣe máa dúró ní Ọláìyá nígbà tí iná pupa bá tàn? Ẹ́ńjìnì á kú níbi gbogbo tí ẹ bá ti dúró.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni rọ́bà àti bóòtì 9 yẹn. Ihò mẹ́sàn-án yẹn, táyà onísípóòkù 36 ni wọ́n ṣe é fún. Bóòtì kan fún sípóòkù mẹ́rin mẹ́rin. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí mo mọ̀, sípóòkù 32 ló wà níwájú, 40 sì wà lẹ́yìn. Ẹ lọ kà á. Tí ó bá jẹ́ 40, bóòtì 9 kò lè bá wọn mu láéláé, àwọn kan á máa ti sípóòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sípírókẹ́ẹ̀tì á máa mi bí orí alágẹmọ, ṣéènì á máa bọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i yín nìyẹn, ó lè má jẹ́ òòlù nìkan.

ỌmọAyétòrò (11:20 àárọ̀)
Mo ti kà á. Sípóòkù 40 ni. Ọlọ́run ò.

Tọ́nà_Alékùwodò (11:34 àárọ̀)
Kíìtì Dé, mo júbà o. Mi ò ka sípóòkù rí láyé mi. Gbé táyà ẹ̀yìn wá, àbúrò, a ó gbẹ́ irin yíká méjì tó máa di họ́ọ̀bù (ìdí táyà láàárín) mú láti apá méjèèjì, kí sípírókẹ́ẹ̀tì jókòó lé ìyẹn, kó má kan sípóòkù rárá.

Adélọta (12:15 ọ̀sán)
Èmi ò mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìlọta ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè: kí ló dé tí ẹ ò fi lo bẹ́líìtì fún ìdínkù àkọ́kọ́? Púlì onínṣì 2½ lára ẹ́ńjìnì, onínṣì 7½ lórí ọ̀pá àárín, ìyẹn jẹ́ 3. Ẹ wá fi 10 sí 44 tí àbúrò ti rà sí ìdínkù kejì. 3 lọ́nà 4.4 jẹ́ 13.2. Kò ní ra sípírókẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ohun tó dáa jù nínú ẹ̀: bẹ́líìtì yẹn náà ni kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí bẹ́líìtì dẹ̀, kí ẹ fi irin kan tó ní bẹ́ríìn lórí tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó mú. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ́ńjìnì ń yí lásán, kẹ̀kẹ́ dúró. Ṣéènì bá bọ́ lójú ọ̀nà, ó ń báni jà. Bẹ́líìtì bá yọ̀, ariwo nìkan ló ń pa.

Tọ́nà_Alékùwodò (12:22 ọ̀sán)
Ẹ gbàgbé 10 sí 36 mi. Ti Adélọta ló dáa jù. Àmọ́ ẹ bo bẹ́líìtì náà lórí kí omi má kàn án. Ẹ tún rí i pé púlì 7½ yẹn kò jáde síta kọjá ibi tí pẹ́dàlì ń yí gbà, kó má lọ fá yín lójúgun.

Bátìrì_Nítèmi (1:48 ọ̀sán)
Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ìṣírò yìí, nítorí epo tó ń wọ́n lójoojúmọ́? Ògo-Olúwa ni mo ń gbé, mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún ọdún kan. Mọ́tò inú họ́ọ̀bù ni, 48V, wọ́n kọ 1,000W sí i. Kò sí ṣéènì, kò sí bẹ́líìtì, kò sí ọ́ìlì, kò sí èéfín tó ń wọ aṣọ. Bátìrì mi jẹ́ 48V 10Ah, ìyẹn 480Wh. Tí mo bá ń fi pẹ́dàlì ràn án lọ́wọ́ lórí òkè, mo ń rí nǹkan bíi kìlómítà 30 kí ó tó tán. Sólà ni mo fi ń fi iná sí i lọ́sàn-án.

N kò ní purọ́, owó rẹ̀ dun mí. Owó bátìrì nìkan ju gbogbo kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ to tiyín, ẹ gbọ́ o: 13 lẹ máa tò tẹ̀lé ara wọn láti dé 48V, bó bá kún, ó máa ń dé 54.6V. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti gbó, tí kò sí bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ wọn, yóò gbóná títí á fi gbiná. Iná bátìrì líthíọ́mù kì í ṣe iná tí wọ́n ń fi yẹ̀pẹ̀ pa tí wọ́n á fi lọ sùn. Ìta gbangba ni mo ti ń fi iná sí tèmi, n kì í gbé e wọ yàrá.

Nǹkan kejì ni ibi tí ẹ́síìlì, irin tí táyà ń yí lé, ti ń wọ férémù. Mọ́tò yẹn máa ń fẹ́ yí ẹ́síìlì rẹ̀ padà sẹ́yìn. Tèmi tú nọ́ọ̀tì lọ́jọ́ kejì, ó gé wáyà mẹ́ta. Ẹ ṣe irin àfọwọ́tì tó máa di ẹ́síìlì mú mọ́ férémù, kó má lè yí.

Bọ̀ọ̀dá_Jẹnẹ (2:05 ọ̀sán)
Sólà, sólà. Tí kùrukùrù bá bo Òṣogbo fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Epo wà ní gbogbo ìkóríta. Ọmọ yìí ti ní ẹ́ńjìnì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kó lo ohun tó ní.

Tíṣà_Àgbà (3:17 ọ̀sán)
Bọ̀ọ̀dá Jẹnẹ, ẹ ò mọ̀ pé ìtàn ni ẹ ń sọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní ọdún 1946, ní ìlú Hamamatsu ní Jàpáànì, ọkọ̀ wọ́n, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí àwọn ológun fi ń fún rédíò wọn níná, ó rà wọ́n, ó sì so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́. Ìgò irin tí wọ́n fi ń gbé omi gbígbóná sórí ibùsùn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ di táńkì epo. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnì síwájú kó máa fi rọ́bà yí táyà iwájú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ táyà, kò sì bá a lọ. Ìgbà tí wọ́n fi bẹ́líìtì lé e lọ sí táyà ẹ̀yìn ló tó dára. Bẹ́líìtì o, Adélọta! Nǹkan bíi 500 ẹ́ńjìnì ni wọ́n rí, ó tán, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ara wọn. Ẹ mọ ibi tí ó dé báyìí.

Mo kàn ní kí n sọ ọ́ kí ọmọ yìí má baà máa tijú lójú àwọn ọmọ iléèwé.

Ọlọ́kadà_Gáráàjì (4:40 ìrọ̀lẹ́)
Ọlọ́kadà ni mí, ó yẹ kí n bínú sí gbogbo yín torí owó mi lẹ fẹ́ gbà 😂 Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Ẹ fi akoto (hẹ́límẹ́ẹ̀tì) sórí. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ àwa ọlọ́kadà lórí akoto ní ọjọ́ kìíní ọdún 2009, àwọn kan ń dé igbá, àwọn kan ń dé ike ọ̀dà. Ẹ má dé igbá o. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti ní ẹ́ńjìnì, kẹ̀kẹ́ kọ́ mọ́ lójú ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà àti ìwé. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́fíìsì wọn kí ẹ tó jáde sí títì ńlá, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lórí ayélujára, tèmi náà wà nínú rẹ̀.

Lórí bíréèkì, mi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní kí ẹ tún ti Raleigh ṣe. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ bàbá yín sí yàrá, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ṣe ìrántí. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ onítáyà 26 tó ní bíréèkì dísìkì níwájú. Ẹ mú máágínẹ́ẹ̀tì dání lọ sọ́jà. Tí máágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀, irin ni. Tí kò bá lẹ̀, álúmínì ni, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí. Irin bá fẹ́ ṣẹ́, á kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ ó rí i. Álúmínì kì í dágbére.

Wẹ́dà_Ọ̀nàÌlobùú (6:20 ìrọ̀lẹ́)
Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ tuntun ló máa lò, wẹ́dà tó bá tún jó irin mọ́ férémù rẹ̀, ẹ lé e. Wẹ́dà ni mí, mo ń sọ ọ́. Páìpù kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́, kò tó mílímítà 2. Iná bá ti kàn án, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ jó yẹn gan-an ló ti máa là. Kíláǹpù ni kí ẹ fi mú un, bíi ti ẹni tó fẹ́ di páìpù omi, kí ẹ fi rọ́bà táyà inú sáàárín.

Àbúrò, ẹ fi aṣọ tútù nu ibi tí wọ́n jó lára Raleigh yẹn, ẹ wò ó lójú oòrùn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lẹ ń wá.

ỌmọAyétòrò (8:03 alẹ́)
Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà… mo rí irun náà. Kò tíì gùn. Mo ti gbé ẹ́ńjìnì kúrò.

Kíìtì_Dé (8:11 alẹ́)
Olúwa ló yọ ọ́. Nígbà tí o bá ń lo ẹ́ńjìnì yẹn lórí èyí tuntun, má ṣe fi ọwọ́ da ọ́ìlì sínú epo bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ra ṣírínjì 20ml lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Lítà epo kan, ọ́ìlì 40ml, ìyẹn ìdá 25. Ọ́ìlì onísítróòkì méjì ni o, kì í ṣe ti mọ́tò.

Bọ̀ọ̀dá_Jẹnẹ (8:30 alẹ́)
40ml ti pọ̀ jù. Jẹnẹrétọ̀ yẹn, 20ml fún lítà kan ni wọ́n kọ sí i lára, ìdá 50.

Kíìtì_Dé (8:36 alẹ́)
Ẹ̀gbọ́n, ojú kan ni jẹnẹrétọ̀ ń jókòó sí, fáànù rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Lórí kẹ̀kẹ́, ó ń gbé èèyàn gun òkè. Èmi á lo 40 kí n rí èéfín díẹ̀, dípò kí n fi 20 rí písítìn tó gan, tí kò lè rìn mọ́.

Bọ̀ọ̀dá_Jẹnẹ (8:41 alẹ́)
Ẹ jẹ́ ká pàdé ní 30. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ o.

ỌmọAyétòrò (ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 5:15 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ̀yin ará ilé, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo ra tòkunbọ̀ onítáyà 26, máágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn, dísìkì wà níwájú àti lẹ́yìn. Púlì 2½ sí 7½, 10 sí 44. Ọ̀gá Tọ́nà ló gbẹ́ èyí tó di họ́ọ̀bù mú. Táyà 26 kéré díẹ̀ sí 28, nítorí náà kò dé 30 gẹ́lẹ́, 28 ni fóònù mi ń kà lójú títì pẹrẹsẹ. Òkè-Fìà ni mo dán an wò láàárọ̀ yìí: ó gbé mi dé ìdajì, mo fi pẹ́dàlì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, a dé òkè. Bẹ́líìtì ń yọ̀ nígbà òjò, mo ti fi ike gálọ́ọ̀nù kan gé ìbòrí fún un.

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi wà ní pálọ̀. Ìyàwó mi ló ní kí n má gbé e síta mọ́.

Ìṣòro kan ló kù. Nọ́ọ̀tì tó di ọ̀nà èéfín mọ́ ẹ́ńjìnì, lójoojúmọ́ ni mò ń fún un, lójoojúmọ́ ló ń tú. Àná, mo pàdánù ọ̀kan lójú ọ̀nà.

Adélọta (5:29 ìrọ̀lẹ́)
Nọ́ọ̀tì méjì méjì lórí bóòtì kan, kí èkejì ti èkíní pa. Kí o sì fún un nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, kì í ṣe láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀rọ ìlọta mi ló kọ́ mi.

Ìyá_Ìbejì_Òkìnní (5:50 ìrọ̀lẹ́)
Bíréèkì méjèèjì ńkọ́, ṣé o ti dán wọn wò nínú òjò?

ỌmọAyétòrò (5:52 ìrọ̀lẹ́)
Mo ti dán an wò, Mà. Ó dúró.